Ohun Tí Bàbá Lọ́yà Kò Sọ Fún Màmá Filó

Títí di ọjọ́ tí bàbá bàbá mi fi kú, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní Pópó Àgùdà. Àwọn ènìyàn ń sọ pé Bàbá ta àwọn àna wọn fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n ní Bàbá mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà fẹ́ gba orúkọ oúnjẹ àwọn ará Pópó, Bàbá sì panu mọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ ni. Bàbá mọ̀. Bàbá panu mọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò ta ẹnikẹ́ni. Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mi ò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò sì parí ìyẹn náà dáadáa. Àmọ́ èmi Wàsíù ni mo wakọ̀ Bàbá ní gbogbo ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, ohun tí mo rí sì yé mi ju ohun tí mo kà lọ.

Alhájì Nojímù lorúkọ wọn, àmọ́ Bàbá Lọ́yà ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Gángan mọ̀ wọ́n sí. Wọn kì í ṣe lọ́yà tó ń gba ọ̀daràn sílẹ̀, wọn kì í sì í dá sí ẹjọ́ ilẹ̀. Orúkọ ọjà ni Bàbá ń ṣọ́. Tó o bá ń ṣe ọṣẹ, tó o wá sọ ọṣẹ yẹn lórúkọ, tó o ya àwòrán sí ara páálí ẹ̀, Bàbá ló máa bá ọ fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó lè jẹ́ tìrẹ. Tí ẹlòmíì bá wá ń tẹ irú ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, Bàbá ló máa gbé onítọ̀hún lọ sí kọ́ọ̀tù. Àwọn ilé iṣẹ́ láti Ìkẹjà ń wá bá wọn, àwọn tó ń tajà lábẹ́ bíríìjì Apọ́ngbọ̀n náà ń wá. Yàrá òkè nínú agboolé wa ni ọ́fíìsì wọn, àtẹ̀gùn onípákó tó ń dún bí ẹni tí inú ń run ni wọ́n sì ń gbà débẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó wọ bàtà olówó máa ń dúró nísàlẹ̀, wọ́n á máa wò ó. Ọ̀kan bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn ò gba ọ́fíìsì sí Erékùṣù Fikitóríà. Bàbá ní, "Ẹni tí àtẹ̀gùn yìí bá bà lẹ́rù, kọ́ọ̀tù á pa á."

Bí Bàbá ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn yàtọ̀. Tí ẹjọ́ bá dé pé ọjà kan jọ ọjà kan, wọn ò ní kọ́kọ́ ṣí ìwé. Wọ́n á gbé tíréè kan tí etí ẹ̀ ti tẹ̀, wọ́n á to ọjà méjèèjì sórí ẹ̀, ojúlówó àti ayédèrú, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ wá sí àgbàlá. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n á bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ẹ̀ lẹ máa ń rà?" Wọn ò ní sọ pé ọ̀kan kì í ṣe ojúlówó. Wọn ò sì ní pe ọ̀mọ̀wé. Bàbá ní ẹni tó ń kánjú, tó pọn ọmọ, tí oòrùn ń pa, tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹni yẹn ni òfin ń wò, bóyá á ṣì í mú. Ó ti di àṣà nínú agboolé wa débi pé tí Bàbá bá ti yọ pẹ̀lú tíréè, àwọn kan á sá wọlé.

Ìyá Ràṣí kì í sá. Aránṣọ ni Ìyá Ràṣí, yàrá ẹnu géètì ni wọ́n ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àtíkè méjì ló wà lórí tíréè. Ìyá Ràṣí ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mú ọ̀kan.

"Èyí ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Ẹ fẹ́ tàn mí ni, Alhájì?"

"Òun kọ́ nìyẹn, Ìyá Ràṣí. Èkejì ẹ̀ ni."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn kànga pé, "Ìyá Ràṣí, ẹ lọ ra awò."

"Èmi tí mo ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láì tanná? Ìwọ tó o ń sọ̀rọ̀, ṣòkòtò tó o wọ̀ yẹn, ta ló lẹ̀ ẹ́?"

Inú ti ń bí Ìyá Ràṣí. Wọ́n ju àtíkè náà padà sórí tíréè. Bàbá gbé tíréè sílẹ̀ lórí ìkòkò omi. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹni tó ṣì í mú kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe é kí ènìyàn lè ṣì í mú ló jẹ̀bi."

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a wà. Ọmọ ìyá ẹni lè wà nínú àwọn tó ń tẹ páálí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bú Bàbá ní Apọ́ngbọ̀n, wọ́n á ní àgbà Mùsùlùmí kan ń fi òfin òyìnbó lé ọmọ ẹlòmíì lẹ́nu iṣẹ́. Tìjání ló bú wọn jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Tìjání, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, lọ́fínńdà ló ń tà. Òun fúnra ẹ̀ ló ń po lọ́fínńdà náà nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á wá rọ ọ́ sínú ìgò tí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára ẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá àtàwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù wá kó páálí ẹ̀, Tìjání tẹ̀ lé wa dé ìdí ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kí gbogbo ọjà lè gbọ́.

"Alhájì, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé òórùn ní olúwa ni?"

"Òórùn ò ní olúwa," ni Bàbá wí. Wọ́n ṣí ìgò kan, wọ́n fi kan ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀. "Orúkọ ló ní. Lọ́fínńdà ẹ dáa. Kí ló dé tó o fi ń fi orúkọ ẹlòmíì bò ó?"

"Ta ló máa ra lọ́fínńdà Tìjání?"

"Àtìgbà tó o ti ń tà á, òun ni wọ́n ń rà. Wọn ò kàn mọ̀ ni."

Tìjání yí padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi gun àtẹ̀gùn onípákó wa, Bàbá sì bá a fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí ọjà ẹ̀ gbilẹ̀ tán, ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ lọ ń tẹ irú ìgò ẹ̀. Tìjání sáré wọlé lọ́jọ́ náà, fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń pè pé, "Bàbá, wọ́n ti pa mí o. Ẹ wo nǹkan. Ẹ wo ìwà ìkà." Bàbá gbé ìgò méjèèjì sórí tíréè, wọ́n wò ó, wọ́n wo Tìjání, ẹ̀rín sì gbá wọn mú títí omi fi dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Jókòó, Tìjání. Ó ti wá ń dùn ọ́."

Bàbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ń bá onígbájámọ̀ jiyàn, wọ́n ń bá lèmọ́mù jiyàn, wọ́n sì ń bá Màmá, ìyàwó wọn, jiyàn lórí iyọ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ oníbàárà, wọ́n di ògiri. Tí fóònù wọn bá dún nínú ọkọ̀, tí wọ́n rí i pé oníbàárà ló ń pè, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà. Mo wà nínú ọkọ̀, etí wà níbí."

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, èmi lẹ̀ ń pè ní etí?"

"Ṣé mo dárúkọ ẹ ni?"

"Àwa méjì la wà nínú ọkọ̀."

"Ó dáa náà, mo ní etí wà níbí. Ṣé kò sí níbẹ̀?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. A ti dé ẹnu Èkó Bíríìjì kí Bàbá tó tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì ti yí padà. Wọ́n ní, "Wàsíù, oníbàárà ló ni orúkọ ọjà ẹ̀, òun náà ló ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi. Bí mo bá ń ṣọ́ èkíní, tí mo wá ń tú èkejì ká, olè ni mí."

Mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé mo máa nílò ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ Pópó Àgùdà ṣe kan ilé wa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Màmá sí. Ọmọ Àgùdà ni wọ́n, ìran àwọn tó ti oko ẹrú lókè òkun padà wálé, wọ́n rì wọ́n bọmi ní kékeré, ìgbà tí Bàbá fẹ́ wọn ni wọ́n gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Filomẹ́nà, àbúrò Màmá, dúró sínú ìjọ Àgùdà ní tiẹ̀. Òun là ń pè ní Màmá Filó. Fìrẹ́jọ̀n ni Màmá Filó ń sè tà, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè pọ̀. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni gbogbo ilé Àgùdà ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Ti Màmá Filó ò dúró de Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àtoṣù-dóṣù ni àwọn ènìyàn ń wá ra tiwọn, orúkọ oúnjẹ náà sì wà gàdàgbà lára sáìnbọ́ọ̀dù iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́dọọdún, tí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá pé, Bàbá á ti Jímọ̀ dé, wọ́n á bá abọ́ ńlá kan lórí tábìlì, Màmá Filó á sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àbúrò ìyàwó ni, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣeré gan-an.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ti kírun tán? Ẹ wá jẹ oúnjẹ kèfèrí."

"Kèfèrí tó mọ ẹ̀wà sè báyìí, Ọlọ́run á ro tiẹ̀ wò."

"Ẹ bá mi sọ fún un nígbà náà."

"Mo ti sọ. Ó ní kó o fi ẹja kún un."

Tí Iléyá bá dé, itan àgbò àkọ́kọ́ tó bá kúrò lórí pákó, Pópó Àgùdà ló ń lọ. Èmi ni mo ń gbé e. Bàbá á ní, "Sọ fún ìyàwó mi kékeré pé mo san fìrẹ́jọ̀n."

Wàyí o. Ilé iṣẹ́ ńlá tí mo ń wí, oúnjẹ inú páálí ni wọ́n ń ṣe, oníbàárà Bàbá sì ni wọ́n láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mánẹ́jà wọn wá lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mò ń fọ ọkọ̀ lẹ́nu géètì ní ìgbà méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, ó gun òkè tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó sọ̀kalẹ̀ láì rẹ́rìn-ín, Bàbá sì sìn ín dé ẹnu géètì, ohun tí wọn kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni nítorí orúnkún wọn. Gbólóhùn kan péré ni mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá: "Mo ti sọ tèmi. Ẹ lọ rò ó." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wá kó gbogbo fáìlì ilé iṣẹ́ náà lọ. Màmá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, oníbàárà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá ń gbọn eruku kúrò lórí pẹpẹ tó ṣófo náà. Wọ́n ní, "Wọ́n ti rí lọ́yà tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Oṣù mélòó kan kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Màmá Filó wọlé, wọn ò tiẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́ nǹkan. Àwọn kan wá sí Pópó lánàá pẹ̀lú mọ́tò kọ́ńpìnnì. Wọ́n ní fìrẹ́jọ̀n ti di orúkọ ọjà àwọn, inú páálí ni wọ́n fẹ́ máa tà á. Wọ́n ní kí gbogbo wa lọ yọ orúkọ náà kúrò lára sáìnbọ́ọ̀dù wa. Orúkọ tí ìyá ìyá wa gbé ti òkun dé."

Bàbá gbé ife tíì wọn sílẹ̀. Wọn ò béèrè pé kọ́ńpìnnì wo. Mo rí ìyẹn, Màmá Filó náà sì rí i. Màmá Filó dárúkọ ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn.

Màmá ní, "Ṣé kì í ṣe àwọn oníbàárà yín nìyẹn?"

"Wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó dáa náà," ni Màmá Filó wí. "Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ ọ̀nà wọn. Ẹ̀yin lẹ máa gbà wá sílẹ̀."

"Filó, mi ò lè gba ẹjọ́ yìí."

"Kí ló dé?"

"Mi ò lè sọ ìdí ẹ̀."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Bàbá ń wo ife tíì wọn. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ń retí kí wọ́n sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Wọn ò sọ ọ́.

"Ọkọ mi, mo ní ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Wá lọ́yà mìíràn. Lónìí. Má jẹ́ kó di ọ̀la."

Màmá Filó dìde. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n wo Bàbá. "Ẹ ṣeun, Lọ́yà," ni wọ́n wí. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò gbọ́ kí Màmá Filó pe Bàbá bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo wá kó ife, Bàbá ṣì jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Wọ́n ní, "Lónìí tí mo sọ yẹn, ó ti pọ̀jù." Kò yé mi. Mo rò pé àgbà ló ń dé.

Ìbínú ló gbé Màmá Filó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà mìíràn lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọ irú iṣẹ́ Bàbá. Òun ló ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀. Tí ènìyàn bá fi orúkọ ọjà sílẹ̀, ìjọba á tẹ orúkọ náà jáde, wọ́n á sì fún aráyé ní oṣù méjì kí ẹni tó bá ní nǹkan sọ wá sọ ọ́. Àwọn ará Pópó ò mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Oṣù méjì náà ti fẹ́ parí, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò tíì di ti ilé iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ pé Màmá Filó dúró kí ọ̀sẹ̀ náà yí po, ilẹ̀ ì bá ti ṣú.

Wọ́n jà á. Àwọn ìyá àgbà láti Pópó lọ jẹ́rìí, ọ̀dọ́bìnrin náà sì sọ pé fìrẹ́jọ̀n kì í ṣe orúkọ ọjà ẹnì kan, orúkọ oúnjẹ ni, bíi mọ́ínmọ́ín, bí ẹ̀kọ. Ẹni tó bá fẹ́ tà á sínú páálí kó fi orúkọ ara ẹ̀ síwájú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà pàdánù. Sáìnbọ́ọ̀dù Màmá Filó dúró síbẹ̀. Wọ́n se oúnjẹ ọpẹ́ ní Pópó, wọ́n pe gbogbo àna. Wọn ò pe Bàbá.

Nílé, Màmá ò bá wọn jà. Ìbá sàn kí wọ́n jà. Màmá á gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á ní, "Oúnjẹ rèé," ó parí. Iyọ̀ pọ̀ o, iyọ̀ kéré o, Bàbá ò rí ẹni bá jiyàn mọ́. Èmi náà gbà pé àwọn ará Pópó jàre. Mo gbé e sínú títí lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, mo ní, "Bàbá, èló ni wọ́n fún yín?"

Wọ́n wò mí nínú díńgí. Wọ́n ní, "Máa wakọ̀ ẹ."

Mo wà á. Ìyẹn nìkan ni gbólóhùn Bàbá tí mo fẹ́ kí n lè gbàgbé, òun ni mi ò sì lè gbàgbé.

Tìjání nìkan ni kò gbà á gbọ́. Ó wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan tí mo ń tún iná ṣe níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ yín. Ẹ ti kó páálí mi rí, ẹ ò gbowó tí mo nà sí yín lábẹ́ tábìlì. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ta àna yín. Ẹjọ́ ti tán báyìí. Àwọn kọ́ńpìnnì yẹn ti bá yín bínú lọ. Ohun tó wà ńbẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín, kí ilé tòrò."

Bàbá ní, "Oníbàárà tó bínú lọ, fáìlì ẹ̀ ló kó lọ, Tìjání. Àṣírí ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Tí wọn ò bá wá gbà á ńkọ́?"

"Á wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì Rere tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti Jímọ̀ dé. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n wo tábìlì, wọ́n wá wo géètì. Kò sí abọ́. Màmá gbé ìrẹsì wá. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ó dùn. Nígbà tí mo ń bu omi sí wọn lọ́wọ́, mo béèrè bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Àmọ́ orúkọ oúnjẹ àwọn ará Pópó ṣì wà lọ́wọ́ wọn." Iléyá ọdún yẹn, wọ́n tún ní kí n gbé itan àgbò lọ sí Pópó. Àwọn ará ibẹ̀ dá mi padà pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ní kí n fún Ìyá Ràṣí, wọn ò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá kú, àìsàn ò pẹ́ lára wọn. Lọ́jọ́ kan náà la sin wọ́n. Lọ́jọ́ kẹjọ, àgbàlá wa kún fún àdúà. Màmá Filó wá nítorí ẹ̀gbọ́n wọn; wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá àtẹ̀gùn onípákó, pẹ̀lú àwọn obìnrin Pópó méjì. Àwọn aáfà ti ń jẹun nígbà tí mánẹ́jà ilé iṣẹ́ yẹn wọlé. Mo dá a mọ̀ kíákíá. Ó ti hewú sí i. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú Màmá.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá. Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ Bàbá. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó wá. Ojú ló ń tì mí."

Màmá ní, "Kí ló ń tì yín lójú?"

"Ọ̀rọ̀ fìrẹ́jọ̀n yẹn ni. Bàbá kìlọ̀ fún wa. Kí á tó fi orúkọ náà sílẹ̀ rárá ni, lókè níbí. Wọ́n ní orúkọ tí gbogbo ilé fi ń pe oúnjẹ wọn, kò sí ẹni tó lè fi ṣe tara ẹ̀. Wọ́n ní tí a bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ wa ṣáájú ẹ̀, àwọn á bá wa ṣe é lójú ẹsẹ̀. Tí a bá ní fìrẹ́jọ̀n nìkan, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. A bínú, a gbé iṣẹ́ wa lọ síbòmíì."

Màmá ò tíì gbá ọ̀rọ̀ náà mú. "Wọn ò sọ fún wa," ni wọ́n wí. "Àbúrò mi wá bẹ̀ wọ́n. Wọn ò sọ fún wa."

"Wọn ò lè sọ ọ́, Màmá. Àwa la ni ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí àwa wá sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè." Ó fọwọ́ bojú. "Mo gbọ́ pé ó dá ìjà sílẹ̀ nílé yìí. Mo gbọ́ ọ, mi ò wá."

Inú bí mi sí i, mo sì mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú yẹn.

Màmá Filó ti dìde lẹ́yìn wa. Wọ́n sún mọ́ ọn. "Ẹ ní kí ẹ tó fi orúkọ náà sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ máa fi í sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé oṣù méjì yẹn ń lọ." Màmá Filó padà jókòó, sórí àtẹ̀gùn, kì í ṣe sórí àga, àtẹ̀gùn náà sì dún. Wọ́n kọjú sí ẹ̀gbọ́n wọn. "Sìsítà mi, ṣé ẹ rántí? Wọ́n ní lónìí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó di ọ̀la. Mo rò pé wọ́n ń lé mi jáde nílé ni." Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu pákó tí wọ́n jókòó lé. "Ibi tí wọ́n lè sọ ọ́ dé nìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi. Ọkọ mi."

Mo rántí ife tíì yẹn, mo rántí "ó ti pọ̀jù." Mo gba ẹ̀yìn agboolé jáde, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún yìí, a ò tíì gbálẹ̀ tán tí Màmá Filó fi dé. Abọ́ ńlá náà wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ ìnura ni wọ́n fi dì í torí ó ń jó wọn.

Mo ní, "Màmá Filó, ẹ kú iṣẹ́. Àárọ̀ kùtù rèé, ẹ̀ bá jẹ́ kó tutù kó di ọ̀sán."

"Ọkọ mi ní kó má di ọ̀la. Gbà á lọ́wọ́ mi."

Màmá gbé tíréè tí etí ẹ̀ tẹ̀ wá, torí òun ló wà nítòsí. Wọ́n tọ́ oúnjẹ náà wò, wọ́n ní iyọ̀ ẹ̀ kéré. Màmá Filó ní iyọ̀ ẹ̀ ò kéré. Wọ́n jiyàn ẹ̀ títí. Àwo àkọ́kọ́ tí Màmá Filó bù, wọ́n fi orí ẹja sí i bí Bàbá ṣe fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n nà án sí mi.

"Jókòó sí àga ọkọ mi, kó o jẹ ẹ́."

Mo gbà á. Mi ò jókòó sórí àga náà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán.